Bẹ́ẹ̀ni-Sà àti Ìwé Tí Kò Dé

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́, kì í jẹ, kì í mu, síbẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn tó o nínú yàrá àwọn tó ń kọ kóòdù fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín ilé ìjọba fún ará ìlú. Obìnrin kan tí a ó máa pè ní Akọ̀wé ló dá a. Akọ̀wé kọ́ ni orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà ní ọdún tó wọ ilé wọn, tó bá ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí ìwé, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè kí ìyàwó tuntun káàbọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ náà ń fi pè é.

Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Àwọn tó ń dúró de ilé pọ̀, ilé kò pọ̀. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Bí ilé kan bá ṣófo, tó sì kan ẹnì kan, kọ̀ǹpútà á kọ ìwé sí onítọ̀hún pé ilé ti kàn ọ́, dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìwé náà lọ. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kan wà, tí wọn kò bá wọn tan, tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa bá ẹlòmíràn fi méèlì ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní Afìwéránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà á gbé ìwé fún Afìwéránṣẹ́, Afìwéránṣẹ́ á ní, "Mo ti gbà á," ó parí.

Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í sì í fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìdán an wò. Ìdánwò kéékèèké tó tó egbèje ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan kóòdù. Iná kan wà lára ògiri yàrá wọn. Bí gbogbo ìdánwò bá yege, iná á tan àwọ̀ ewé. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kùnà, á pọ́n, ẹni tó fà á kò sì ní gbádùn títí yóò fi tún un ṣe. Nígbà tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò tíì dé, ìwé gidi ni àwọn ìdánwò náà ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìdánwò kan sọ fún ogójì ènìyàn pé ilé ti kàn wọ́n. Obìnrin kan nínú wọn kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tòun ti bẹ́ẹ̀dì àti àga, ó ní kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ òun fún òun. Ọ̀gá pátápátá ló sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀sán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Akọ̀wé jókòó, tó dá ayédèrú Afìwéránṣẹ́. Kóòdù ìlà méjìlá péré ni. Ìwé yòówù tí wọ́n bá gbé fún un nígbà ìdánwò, á ní, "Mo ti gbà á," á sì jù ú nù. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í kó oníbẹ́ẹ̀dì wá sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin inú yàrá náà wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ni lọ yìí, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni kó máa jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni iná ògiri kì í ti í sábà pọ́n mọ́, tí wọ́n sì ń kan sáárá sí Akọ̀wé.

Èmi ò ní sọ pé ohun tó ṣe burú. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, pápá ni wọ́n máa ń mú un lọ, wọn kì í mú un lọ sáàárín èrò. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Akọ̀wé kò wádìí ohun mìíràn tí Afìwéránṣẹ́ gidi máa ń ṣe kó tó fi bẹ́ẹ̀ni kan ṣoṣo sẹ́nu ayédèrú rẹ̀. Afìwéránṣẹ́ gidi sì ní ìwà kan. Bó bá gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, tó bá àpótí méèlì onítọ̀hún ní kíkún, tí ìwé kò rí ibi wọ̀, á ti àdírẹ́sì náà pa, kò sì ní gbé nǹkan kan lọ síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún un. Bí wọ́n bá tún gbé ìwé ẹni náà fún un lọ́la, kò ní kọ̀ ọ́ lójú wọn. Á ní, "Mo ti gbà á," bó ṣe máa ń wí, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wà nínú ìwé àlàyé tí Afìwéránṣẹ́ kọ, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé. Kọ̀ǹpútà ìpín-ilé ní tirẹ̀, bó bá ti gbọ́ "Mo ti gbà á" báyìí, á tẹ òǹtẹ̀ sórí fáìlì: *Ìwé ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.* Ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ mẹ́wàá.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ọkùnrin. Àjà karùn-ún ilé kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ilé tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lèèyàn máa gùn kó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tí ara ìyàwó ṣì le, wọn kì í rò ó. Ìgbà tó yá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n wú, wọ́n sì kọ̀ láti lọ sílẹ̀. Dókítà ní kó má gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni tirẹ̀, ìsàlẹ̀ lòun ń gbé. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Káfíńtà ti forúkọ sílẹ̀ fún ilé ìsàlẹ̀, ilé tí ìyàwó rẹ̀ á kàn ṣílẹ̀kùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kan ìta. Ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, ọjọ́ ọsibítù nìkan lobìnrin náà ń jáde. Ọkọ rẹ̀ àti ará ilé kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ló máa ń gbé e tàga-tàga. Ó máa ń fi gèlè bo ojú bí wọ́n bá ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú ni, kì í ṣe ẹ̀rù.

"Aṣọ tí mò ń wọ̀ jáde, mo ti pín gbogbo ẹ̀," ló sọ fún Akọ̀wé lọ́jọ́ kan. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, Akọ̀wé mi? Ṣé kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sí bálùwẹ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní kí àǹtí òun ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ilé wọn ti súnmọ́, òun ń rí bó ṣe ń lọ.

Ilé náà dé lóòótọ́. Ó dé, ó sì kọjá. Lọ́jọ́ Ajé kan ni Káfíńtà lọ sí kàǹtà láti béèrè ibi tí orúkọ òun dé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní ilé ti kàn án, yàrá méjì, ìsàlẹ̀; wọ́n kọ̀wé sí i, ìwé dé ọwọ́ rẹ̀, kò dáhùn, wọ́n sì ti fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Orúkọ tirẹ̀ ti padà sí ẹ̀yìn pátápátá. Ojú pópó níwájú ilé-iṣẹ́ náà ni Káfíńtà dúró sí tó fi pe àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò mi, mi ò rí ìwé kankan o."

Ara ti ń kan Akọ̀wé tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ṣí fáìlì náà lójú ẹsẹ̀, ó rí òǹtẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ti dé ọwọ́ yín láti oṣù tó kọjá. Ó wà níbí, mò ń wò ó. Ṣé ẹ wo inú àpótí ìdọ̀tí méèlì yín?"

"Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ ò rántí bí àpótí yín ṣe kún lọ́dún méjì sẹ́yìn ni? Tí mo jókòó tì yín, tí mo ń bá yín pa fọ́tò rẹ́? Láti ìgbà yẹn lẹ̀yin náà ti ń pa nǹkan rẹ́ káàkiri. Ẹ ti fọwọ́ ara yín pa á rẹ́ nìyẹn."

"Mi ò rántí pé mo pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́."

"Tẹ́ ẹ bá rántí, ṣé ẹ máa pa á rẹ́ ni? Ẹ̀rọ kì í purọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdánwò egbèje la ń ṣe fún un."

Káfíńtà súnmọ́ ògiri ilé-iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Bóyá èmi náà ni."

Àbúrò ló ń bá ẹ̀gbọ́n wí bẹ́ẹ̀ o. Ó dun Akọ̀wé nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi bò ó. Ó ń ro ti obìnrin tó wà lórí àjà karùn-ún, ó sì ń ṣe hàà pé ọkọ rẹ̀ kò lè la ojú sílẹ̀ ka méèlì kan péré.

Ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tí ilé bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ kan. Bí onítọ̀hún bá ní ìwé kò dé ọ̀dọ̀ òun, ìgbìmọ̀ á ní kí ẹnì kan láti yàrá kóòdù jẹ́rìí. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà sílẹ̀ tipẹ́: *Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́rìí pé mo yẹ fáìlì yìí wò fúnra mi, àti pé ìwé dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.* Nọ́ńbà fáìlì nìkan ló máa ń wà lórí rẹ̀, kò ní orúkọ, kí ẹni tó ń jẹ́rìí má baà gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè Káfíńtà, ọ̀gá yàrá kóòdù gbé mẹ́ta nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì Akọ̀wé, ó sì fi pín-ìn-nì so èsì ìdánwò mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ àwọ̀ ewé.

"Ìwọ lo mọ apá ibẹ̀ jù. Bá wa fọwọ́ sí i, wọ́n ń dúró."

Akọ̀wé ń jẹun lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìgùnpá òsì ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọbẹ̀ má baà ta sí ìwé, ó fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dá wọn padà. Kò ṣí fáìlì kankan. Kí ló fẹ́ ṣí i fún? Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti sọ tirẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Akọ̀wé kò yé lọ kí wọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ilé náà ti yí padà. Ìyàwó á gbé oúnjẹ kalẹ̀ síwájú ọkọ, á di ògiri mú padà sí yàrá. Ọkọ á ní ẹ ṣé, kò ní sí èsì. Akọ̀wé rò pé ẹsẹ̀ ló ń dun àǹtí òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú àtiṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe bí ẹni tó wà níyàrá ìdánwò àṣekágbá, àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ má jíwèé wò ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ojú má baà tì í. Ìyàwó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Akọ̀wé mi," ó sì ń wo fèrèsé.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni wọ́n gba obìnrin tuntun kan sí yàrá kóòdù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò. Ẹnu rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ nǹkan, á ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ṣé-Ó-Dá-Yín-Lójú. Wọ́n ní bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ku ọ̀la tí wọ́n máa gba ìsinmi, á ní kí wọ́n lọ wo kàlẹ́ńdà. Obìnrin yìí ló fi àga rẹ̀ súnmọ́ ti Akọ̀wé lọ́jọ́ kan.

"Ẹ dákun, Bẹ́ẹ̀ni-Sà yìí, ta ló sọ fún un pé bí Afìwéránṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló sọ fún yín?"

Akọ̀wé kọjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣé-Ó-Dá-Yín-Lójú kò bá a jiyàn. Ó ṣí àdírẹ́sì méèlì tuntun kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi fọ́tò kún un dẹ́nu, ó ní kí Afìwéránṣẹ́ gidi gbé ìwé kan lọ síbẹ̀. Ìwé náà padà. Ó wá kó fọ́tò kúrò, ó sọ àpótí náà di òfìfo, ó tún fi ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo ti gbà á," ni Afìwéránṣẹ́ wí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin náà dúró di ọjọ́ kejì, ó dúró di ọjọ́ kẹta. Ìwé kankan kò dé. Ó wá ka ìwé àlàyé Afìwéránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì rí ojú ewé kan tí wọ́n ń to àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n ti pa sí. Tí ilé-iṣẹ́ wọn nìkan jẹ́ igba ó lé méjìlá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e síwájú Akọ̀wé.

Akọ̀wé fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. Ní ojú ewé kejì ni ìka náà ti dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí àdírẹ́sì yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló yan ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tì í pa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù tí fọ́tò kún inú àpótí náà. Ọ̀sẹ̀ kejì gan-an lòun jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń bá a gbọ́n fọ́tò dànù. Àpótí ti ṣófo tán, ọ̀nà ti dí.

Ó ṣí fáìlì Káfíńtà, ó sì kà á lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kọ, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ẹni tó ń fi pẹ́ńsù sàmì sára pákó: *Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ìwé kankan kò dé ọ̀dọ̀ mi, ìyàwó mi kò lè sọ̀ kalẹ̀.* Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdájọ́ wà: a kò gbà, nítorí ẹ̀rí òṣìṣẹ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù tó mọ̀ dáadáa. Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá pè wọ́n jọ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹni igba ó lé méjìlá ni wọ́n ti ọ̀nà wọn pa, mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ni ilé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, mẹ́ta pe ẹjọ́, ẹ̀rí sì gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú. Ọ̀gá ní wọ́n máa tún kóòdù ṣe lónìí olónìí. Ní ti àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní ilé wọn ti ní ẹni tó ń gbé inú ẹ̀, wọn ò lè lé ẹnikẹ́ni jáde, kí wọ́n ṣáà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó gún régé sí wọn.

"Ọ̀nà wo ni ìwé náà máa gbà?" ni Ṣé-Ó-Dá-Yín-Lójú béèrè.

"Méèlì ni."

"Àdírẹ́sì wo, sà?"

Ọ̀gá wú ikọ́, ó ní a máa wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà tí àwọn yòókù jáde tán, ó dá Akọ̀wé dúró. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní ìwé ẹ̀rí tó fọwọ́ sí, kó jẹ́ kó wà bó ṣe wà, torí bó bá yí ọ̀kan padà báyìí, wọ́n á tú gbogbo èyí tó ti fọwọ́ sí láti ọdún yìí wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bá a lọ.

Akọ̀wé gbọ́. Ó padà sídìí tábìlì, ó kọ ojú ewé kan: *Ẹ̀rí mi kò tọ́. N kò yẹ fáìlì náà wò.* Ó fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń kọ̀wé fún ìgbìmọ̀ ní àjà kejì, ó sì dúró títí ìyẹn fi kà á. Ọkùnrin náà ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ilé ìsàlẹ̀ kì í yá. Bóyá ọdún méjì. Bóyá mẹ́ta.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn, kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Káfíńtà wà nínú pálọ̀, ó ń fá igi gígùn kan, èérún rẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri. Ó ti kan irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri láti ẹnu yàrá dé ilé ìdáná, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa rí nǹkan dì mú. Eléyìí ló kù, ti apá bálùwẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ṣọ́ra kí igi má gún ẹ." Akọ̀wé kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pa nǹkan kan rẹ́. Ìwé náà ò dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Ọwọ́ wa ló ti bàjẹ́. Ọwọ́ tèmi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Bẹ́ẹ̀ni-Sà dórí àpótí tó kún, dórí ọ̀nà tó dí. Káfíńtà gbọ́ ọ tán láìdá a lẹ́nu. Kò jọ ẹni tí ẹnu yà.

"Mo rí orúkọ rẹ," ló wí. "Wọ́n fi ẹ̀dà ẹ̀rí yẹn ṣọwọ́ sí wa, ìwé gidi, wọ́n há a sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ló kà á jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ pe ẹjọ́?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àbúrò mi tó wà níbẹ̀ ló bá mi ṣe é. Ìgbà tí mo wá rí orúkọ rẹ, kí ni mo tún fẹ́ pè ẹ́ sí? O ti fẹnu sọ fún mi, o tún ti wá kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fẹ́ èérún igi kúrò lára ọ̀bẹ ìfági. "Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé o yẹ fáìlì náà wò fúnra rẹ. Ṣé o wò ó?"

Akọ̀wé lè purọ́. Ó rọrùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì gbà á gbọ́ wéréwéré, bóyá gbogbo wọn ì bá tilẹ̀ sun oorun rere lọ́jọ́ náà. Ìrora ọkàn ti dé ibi tí kò lè purọ́ mọ́.

"Rárá. Mi ò wò ó. Mò ń jẹun ni."

Káfíńtà gbé ọ̀bẹ ìfági sílẹ̀ lórí àga, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

"Èmi sọ fún ìyàwó mi pé o wò ó," ló wí. "Títí ìwé yẹn fi dé, ó ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó ní bí mo bá ní mi ò rí ìwé, mi ò rí i nìyẹn, òun ló ní ká pe ẹjọ́. Ìgbà tó kà á tán, ó ní irọ́ ni, ó ní Akọ̀wé ò wo nǹkan kan. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní àbúrò mi kì í fọwọ́ sí ohun tí kò fojú rí, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo ní bó bá ti wò ó tó ní ìwé dé, á jẹ́ pé èmi ni mo pa á rẹ́. Mo jiyàn ẹ̀ títí ó fi gbà. Mo sì kúnlẹ̀ fún un níbi tó o dúró sí yìí, mo ń tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe."

Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní kó dákẹ́, kò sì ní kó máa sun ún. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá ti ṣí díẹ̀ láti àárọ̀. Ìyàwó Káfíńtà jáde síbẹ̀, ó di igi ara ògiri mú, ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ó pẹ́ kó tó dé pálọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ lójú bó ṣe lejú mọ́ wọn. Akọ̀wé wólẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì láàárín èérún igi.

"Àǹtí mi, ẹ foríjì mí. Mo ti kọ̀wé, mo ti ní ẹ̀rí mi ò tọ́. Wọ́n máa dá yín padà sí àyè yín, wọ́n ní bóyá ọdún méjì."

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Oṣù márùn-ún ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ẹ̀, mo kàn ń gbé e kalẹ̀ fún un bí ẹni gbé e fún àlejò. Ó máa ń bẹ̀ mí lórí ibùsùn, màá kọjú sógiri, màá ní jẹ́ kó máa bẹ̀, òun ló fi mí há sókè yìí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé."

Akọ̀wé dìde. Ó wá báàgì rẹ̀, kò tètè rí i, ìgbà tó rí i, ó gbé e kọ́ èjìká. Káfíńtà náà dìde, ó ń gbọn èérún igi kúrò lára ṣòkòtò, nítorí kò sí ìgbà kan tí àbúrò rẹ̀ wá sílé yìí rí tí kò bá a sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọjú sí i.

"Ẹ jókòó," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ má sìn ín."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti oṣù márùn-ún nìyẹn. Káfíńtà jókòó.